Aláìsàn Kan Náà Ni: Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ní Bárékè, ní Ọgbà Ẹ̀wọ̀n àti ní Ọsibítù Ìgboro

Láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu bà á lójú ewé yìí pé mo ti wọ aṣọ ológun rí, pé mo sì ti tọ́jú aláìsàn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kí n tó di olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, lẹ́tà kò yé wọlé. Mo ka gbogbo wọn. Mẹ́fà ni mo mú fún ti oṣù yìí, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Òṣogbo, mo wà ní ọdún kẹta. Ẹ ti ṣe ti ológun, ẹ ti ṣe ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ tún ń kọ́ni. Ṣé iṣẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àbí ńṣe ni wọ́n ń tún yín kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kò sí ibi tí mo dé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò wúlò, kò sì sí ibi tí mo dé tí wọn kò ti ní láti tún mi kọ́. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí sísítà wọ́ọ̀dù ṣì máa ń fi ìka nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò bóyá eruku wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé Houston, mo ṣe ìdánwò NCLEX tí gbogbo nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Mo kàwé kún un, mo gba oyè BSN, ìyẹn oyè dìgírì yunifásítì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn tí mo di ọmọ orílẹ̀-èdè náà ni mo wọ Army Reserve, ìyẹn àwọn ológun tó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, tí wọ́n ń péjọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lóṣooṣù, tí ìjọba sì lè pè nígbàkigbà tí ogun bá dé. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló tẹ̀ lé e, kíláàsì ló sì kẹ́yìn.

Ara èèyàn kò yàtọ̀ ní ibì kankan nínú àwọn ibi wọ̀nyí. Ibà tó ń mú ọmọ ogun náà ló ń mú ẹlẹ́wọ̀n, òun náà ló ń mú ìyálọ́jà. Ohun tó ń yí padà ni ẹni tó dúró sáàárín nọ́ọ̀sì àti aláìsàn. Ní bárékè, ọ̀gá ológun ló dúró síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ kí ọmọ ogun rẹ̀ tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́dà tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni. Ní ọsibítù ìgboro ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ adójútòfò tí yóò sanwó ìtọ́jú ni, tàbí ọ̀gá tó ń wá bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíràn. Nílé wa, ó lè jẹ́ ẹni tó jókòó síbi ìsanwó, tó ní kí ẹbí kọ́kọ́ lọ wá owó wá. N kò pè wọ́n ní ènìyàn burúkú, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà wọ́n sí ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tìrẹ ni kí ìwọ fúnra rẹ wo aláìsàn náà, kí o fọwọ́ kàn án, kí o gbọ́ ti ẹnu rẹ̀, kí ohun tí ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀ tó wọ inú ìwé rẹ. Gbogbo ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ lónìí, ẹ̀ka ọ̀rọ̀ yẹn ni.

Iṣẹ́ ológun fi ohun kan kún un fún mi tí n kò lè rí gbà níbòmíràn, ìyẹn ni kí èèyàn yára láìdààmú. Ní Fort Sam Houston ní San Antonio, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn medic, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó ń tọ́jú ẹni tó bá fara gbọgbẹ́, mo kọ́kọ́ jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ kí n tó dìde bí olùkọ́. Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́ wa pé tourniquet, ìyẹn ọ̀já tí a fi ń fún apá tàbí ẹsẹ̀ pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, jẹ́ ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tí gbogbo ọ̀nà mìíràn bá ti dí. Ogun Iraq àti ti Afghanistan yí ẹ̀kọ́ yẹn padà, nítorí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ogun tí ì bá yè ń kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó tú láti ẹsẹ̀ tàbí apá, kí ẹnikẹ́ni tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìlànà ológun wá fi dídá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró ṣáájú títún ọ̀nà èémí ṣe pàápàá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ètò Stop the Bleed kalẹ̀ kí olùkọ́, awakọ̀ àti oníṣòwò náà lè mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n báyìí: íǹṣì méjì sí mẹ́ta lókè ojú ọgbẹ́ ni ká ti dè é, kì í ṣe lórí oríkèé, ká yí igi kékeré tó wà lára rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, ká kọ àkókò tí a dè é sílẹ̀, ká má sì tú u nítorí pé aláìsàn ń ké, nítorí yóò ké.

Mo rántí ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ti ń yí igi náà lára ẹni tó ń ṣe bí aláìsàn fún wa, tó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ má bínú, sà, ẹ má bínú.” Mo sọ fún un pé kó máa bẹ̀ ẹ́ lọ, kó má dákẹ́, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ náà má dúró.

ÌBÉÈRÈ: Abẹ́òkúta ni mo wà, mo sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Texas pè mí pé òun rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Ṣé àwọn ẹlẹ́wọ̀n kò ní ṣe é léṣe? Kí ni kí n sì sọ fún ẹbí pé ọmọ tí mo fi owó àdìrẹ rán níwèé ń ṣe?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ̀rù ba ìyá tèmi náà nígbà tèmi, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló sì gbà lé mi lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí fún yín, kó má jẹ́ pé ohun tí ẹ rí nínú fíìmù ló ń dẹ́rù bà yín.

Tí ọmọ yín bá dé ibi iṣẹ́, yóò fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọn yóò yẹ àpò rẹ̀ wò, yóò gba ẹnu ọ̀nà tó ń dún bí irin bá wà lára èèyàn, ilẹ̀kùn kan yóò sì tì lẹ́yìn rẹ̀ kí èkejì tó ṣí. Kó tó fọwọ́ kan aláìsàn kankan, òun àti ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò jọ ka abẹ́rẹ́, wọn yóò ka àlùmọ́gàjí, wọn yóò fọwọ́ sí ìwé. Bí ẹyọ abẹ́rẹ́ kan bá dín, ẹnikẹ́ni kò ní lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni oògùn. Àwọn ọkùnrin yóò tò níwájú fèrèsé kékeré kan pẹ̀lú káàdì wọn lọ́wọ́. Yóò bi oníkálukú ní orúkọ, yóò fi wé káàdì, yóò fún un ní oògùn àti omi nínú kọ́ọ̀pù bébà, ẹni náà yóò gbé e mì, yóò la ẹnu, yóò gbé ahọ́n sókè kí ọmọ yín lè rí i pé kò fi oògùn pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe é, àwọn kan máa ń kí mi ní Yorùbá tí mo kọ́ wọn: “Ẹ káàárọ̀, Mà.” Wọ́dà kì í jìnnà síbi tí nọ́ọ̀sì bá wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tò yẹn ló mọ̀ pé nọ́ọ̀sì nìkan ni ẹni tí kò wá síbẹ̀ láti ṣọ́ wọn, wọ́n sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀. N kò sọ pé ewu kò sí. Ewu wà, gẹ́gẹ́ bó ti wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù ìgboro níbi tí ọ̀mùtípara ti gbá mi létí rí, tí kò sì sí wọ́dà kankan nítòsí.

Ẹ sọ fún un pé kó má bá wọn sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tàbí àdúgbò tó ń gbé, kó má gba ẹ̀bùn bó ti wù kó kéré tó, kó má sì mú lẹ́tà ẹnikẹ́ni jáde. Kó má béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe tó fi dẹ́wọ̀n. Mo gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n nígbà kan nípa ọkùnrin kan tí mo ń wẹ ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí mo sì mọ̀ ọ́n, mo rí i pé ọwọ́ mi kò rọ̀ lára ọgbẹ́ náà mọ́ bó ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí, n kò sì béèrè mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ ó sọ fún ẹbí, ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi dandan lé ni ọmọ yín ń ṣe, Texas gan-an ni ẹjọ́ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1973, ẹrù òwú já lu ẹlẹ́wọ̀n kan tó ń jẹ́ J. W. Gamble níbi tó ti ń já ẹrù lára ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó kọ̀wé ẹ̀sùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ pé wọn kò tọ́jú òun bó ti yẹ. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ sì sọ ní ọdún 1976 pé bí àwọn aláṣẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ etí dídi sí àìsàn ńlá tó ń ṣe ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, ìyà ìkà tí ìwé òfin kà léèwọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, nítorí pé ẹni náà kò lè dìde lọ wá dókítà mìíràn. Ọ̀rọ̀ kò yọ sí rere fún Gamble fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n ní ìgbà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló wà lórí òfin tí gbogbo ẹlẹ́wọ̀n Amẹ́ríkà fi ń gba oògùn dòní. Ohun kan tún wà tí yóò fi yín lọ́kàn balẹ̀: ní àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀ Texas, ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn yunifásítì Texas tó wà ní Galveston àti ti yunifásítì Texas Tech ló ń bójú tó ìlera níbẹ̀. Tó bá jẹ́ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yín lọ, òṣìṣẹ́ yunifásítì ni ẹ lè pè é níwájú ẹbí, ẹ kò sì parọ́.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń pè ní ọgbà àtúnṣe báyìí, nílẹ̀ wa níbí. Bí ẹnì kan bá ní ara òun kò yá, ohun tí àwọn wọ́dà kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ó ń díbọ́n. Wọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ orí àti ní ipò. Báwo ni mo ṣe lè ṣe iṣẹ́ mi láìjẹ́ pé mo di ọ̀tá wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà o. Nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí, èyí ló dá mi dúró jù lọ, nítorí pé mo ti dúró níbi tí ẹ dúró sí yẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní ọgbà kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n pè mí pé ọmọkùnrin kan kò fẹ́ dìde nígbà tí wọ́n ń ka iye àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́dà tó wà lórí iṣẹ́ sọ fún mi lójú ọ̀nà pé ó ń ṣeré ni, àbí bóyá ó rí ọtí mu. Mo bá a lórí ìdùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni mímí rẹ̀: ó ń mí kanlẹ̀, ó ń mí léraléra, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní wákàtí kan tó ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, òórùn tó ń ti ibẹ̀ jáde dà bí ti èso tó ti pọ́n jù. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò pè é ní òórùn ọtí. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó ti sán. Mo gún un ní ìka, mo fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí a fi ń wo ṣúgà, ẹ̀rọ náà kò sì kọ iye kankan, HI ló kọ, ìyẹn ni pé ṣúgà náà ti kọjá ohun tó lè kà. Àtọ̀gbẹ ló ní, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, òun náà kò mọ̀. Ká ní ó sùn mọ́jú níbẹ̀ ni, òkú ni à bá bá. Wọ́dà yẹn gan-an ló ràn mí lọ́wọ́ gbé e, ó sì sunkún lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbé e lọ tán. Kì í ṣe ìkà. Ó ti rí àwọn tó ń díbọ́n jù ni.

Àwọn tó ń díbọ́n wà lóòótọ́, ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún ara wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó díbọ́n lánàá lè ṣàìsàn lónìí, ojú àti ọwọ́ yín nìkan ló sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Nítorí náà, ẹ má bá wọ́dà jiyàn lórí bóyá ó ń díbọ́n tàbí kò díbọ́n. Ẹ sọ fún un pé, “Ọ̀gá, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí n wo èémí rẹ̀, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé a yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti èmi àtẹ̀yin lọ́la.” N kò tíì rí wọ́dà tí kò gba gbólóhùn yẹn, nítorí ó dáàbò bo òun náà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe ohun tí ẹ rò: iye ìgbà tó mí ní ìṣẹ́jú kan, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, aago tí ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, aago tí ẹ ránṣẹ́ sí dókítà, àti orúkọ ẹni tí ẹ rán.

Tó bá di pé wọ́n fẹ́ dí yín lọ́wọ́, ẹ mọ̀ pé ẹ kò dá dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tẹ́wọ́ gba àwọn ìlànà tí wọ́n fi orúkọ Nelson Mandela pè, nítorí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó lò lẹ́wọ̀n. Ìlànà kẹrìnlélógún sọ pé ìtọ́jú tí ẹlẹ́wọ̀n ń rí gbà kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí èyí tí ará ìgboro ń rí gbà. Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera nìkan ló lè ṣe ìpinnu lórí ìtọ́jú, ẹnikẹ́ni nínú àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera kò sì gbọdọ̀ yí i padà. Ìyípadà ńlá tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ̀: ìlànà àtijọ́ ti ọdún 1955 gbà kí wọ́n fi ebi tàbí àhámọ́ jẹ ẹlẹ́wọ̀n níyà, bí dókítà bá ti lè kọ̀wé pé ara rẹ̀ gbà á. Ti ọdún 2015 mú ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kúrò nínú ìjẹniníyà pátápátá. Òfin ilẹ̀ wa tí wọ́n fi yí orúkọ iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà ní ọdún 2019 náà ń sọ̀rọ̀ àtúnṣe, kì í ṣe ìyà nìkan. Ẹ sì máa rántí pé ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà ní àhámọ́ nílẹ̀ wa tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi ohunkóhun. Ẹni tó ń retí ìdájọ́ ni ẹ̀ ń tọ́jú, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì padà sílé, tàwọn ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n bá kó níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni èmi náà, ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ìwé dáadáa, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀, wọn kì í gbà pé ojú àwọn rí nǹkan mìíràn. Kí ni ẹ mú ti bárékè àti ọgbà ẹ̀wọ̀n bọ̀ sínú kíláàsì tó lè ràn wá lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí pé láti ojú ogun ni ilé ẹ̀kọ́ tiwa gan-an ti wá. Ní ọdún 1854 ni Florence Nightingale lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Scutari nígbà ogun Crimea, ohun tó rí níbẹ̀ ló sì mú wá sí ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní ọsibítù St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860. Ilé ẹ̀kọ́ náà ni ọmọ Èkó kan, Kofoworọla Abẹni Pratt, wọ̀ ní ọdún 1946. Iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe nílé kó tó di nọ́ọ̀sì. Òun ló padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ̀n UCH ní Ìbàdàn, tó sì bá wọn fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lélẹ̀ ní yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1965. Ẹni tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ lónìí wà lórí okùn kan náà yẹn.

Lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ẹni tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni Hazel Johnson-Brown. Wọ́n kọ̀ ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ilé rẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Harlem, ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1955, ó kàwé dé ipò ọ̀mọ̀wé, ó darí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ológun ti Walter Reed. Ní ọdún 1979 ó di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gágun nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ó sì di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì ológun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kíláàsì ló padà sí, ó ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní yunifásítì.

Ní ti ohun tí ẹ béèrè gan-an, ohun méjì ni mo ń ṣe. Mo máa ń mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti gbà bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń ní kó kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kó má wo ẹ̀rọ, kó má wo fáìlì, kó fi ìṣẹ́jú kan wo ènìyàn náà, kó wá sọ ohun mẹ́wàá tó rí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọn kì í rí ju mẹ́ta lọ. Nígbà tí sáà bá fi máa parí, wọ́n ti ń sọ fún mi pé bàtà aláìsàn ti há a lẹ́sẹ̀, pé oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà lórí tábìlì, pé ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn èyí, nínú yàrá tí a ti ń fi ère ṣe aláìsàn, mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dúró sáàárín: lónìí yóò ṣe ọ̀gá ológun, lọ́la yóò ṣe wọ́dà, lọ́tùn-únla yóò ṣe ẹni tó ń gbowó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ohùn àgbà sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe aláìsàn náà. Iṣẹ́ ẹnì kejì ni kó bọ̀wọ̀ fún un, kó sì tún yẹ aláìsàn náà wò síbẹ̀. Èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá ju fún ọmọ Amẹ́ríkà lọ, torí pé a ti kọ́ wa nílé pé a kì í já àgbà nírọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n já a nírọ́. Kí wọ́n kúnlẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n ka èémí aláìsàn láti orí ìkúnlẹ̀ náà.

Nígbà tí a bá ṣe é tán, ìbéèrè mẹ́rin tí àwọn ológun máa ń bi ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo máa ń béèrè: kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló fà á, kí la ó ṣe lọ́jọ́ mìíràn? Ẹni tó ṣàṣìṣe ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn akẹgbẹ́ wa tó ṣì ń bú akẹ́kọ̀ọ́ níwájú aláìsàn: ọmọ tí ẹ bá ti kọ́ ní ìtìjú kò ní sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún yín mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní Green Card, mo sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland. Ṣé mo lè wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì?

ÌDÁHÙN: Ẹni tó ní Green Card lè wọṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán, ṣùgbọ́n ọ́físà ni nọ́ọ̀sì ológun jẹ́, ipò ọ́físà sì ń fẹ́ ẹni tó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹ ó tún nílò BSN fún iṣẹ́ ológun alákòókò kíkún. Tí ẹ kò bá tíì ní in, ẹ parí rẹ̀ ní àkókò tí ẹ fi ń dúró de ìwé ọmọ onílùú, kí méjèèjì lè bọ́ sí àsìkò kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ọdún mẹ́fà ni mo ti ṣe ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Houston níbí. Mo fẹ́ padà sí ọsibítù ìgboro, ṣùgbọ́n ọsibítù méjì ti dá mi padà, ọ̀kan sọ fún mi lójú pé ọwọ́ mi á ti le. Ó dùn mí, Mà.

ÌDÁHÙN: Ó yẹ kó dùn yín, ó sì dun èmi náà fún yín. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ iṣẹ́ yín. Ẹ tún ìwé tí ẹ fi ń wá iṣẹ́ kọ lálẹ́ òní, kí ẹ má kọ “nọ́ọ̀sì ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọdún mẹ́fà” kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ń yẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wò, pé ẹ mọ bí a ṣe ń fi ìwọ̀n CIWA, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò tó ní ohun mẹ́wàá tí à ń wò lára aláìsàn, tọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọtí dúró lẹ́sẹ̀, nítorí pé gìrì lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn tó lè pa á sì lè tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ń gún abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ẹ sì ń kà á láàárín wákàtí 48 sí 72, pé ibi tó le ni ẹ ń fi ìka wá tí ẹ sì ń wọ̀n, kì í ṣe ibi tó pọ́n, àti pé ẹ mọ̀ pé mìlímítà 10 tó láti kà á sí àmì pé kòkòrò ikọ́ náà ti wọ ara ẹni tó ń gbé ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí 5 sì tó fún ẹni tó ní kòkòrò HIV. Àwọn nọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún nínú wọ́ọ̀dù tó mọ́ tónítóní tí wọ́n ṣì ń wọn ibi tó pọ́n. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ń tọ́jú àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti mẹ́dọ̀wú lára ẹni kan náà fún ọdún púpọ̀.

Bí wọ́n bá sì pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n tún bi yín ní ọ̀rọ̀ ọwọ́ líle yẹn, ẹ má bínú, ẹ má ṣe àlàyé púpọ̀. Ẹ sọ ìtàn òru kan fún wọn, èyí tí ẹ̀yin nìkan jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú gbogbo ọgbà, tí dókítà wà lórí fóònù nìkan, tí ẹnì kan sọ fún yín pé aláìsàn kan ń díbọ́n, tí ẹ sì lọ wò ó. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ní títẹ̀léra, bí ẹ ṣe rí i. Mo mọ̀ pé ẹ ní irú òru bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.